Ojú Tí Ọmọbìnrin Fi Ń Wo Ara Rẹ̀: Kí Ni Ọwọ́ Ayélujára Nínú Rẹ̀?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ìwé ìròyìn Wall Street Journal ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé abẹ́lé ilé-iṣẹ́ Facebook, tó ni Instagram (Meta ni wọ́n ń pè é báyìí), jáde. Frances Haugen, obìnrin tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí, ló kó wọn síta. Nínú ọ̀kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kọ lọ́dún 2019, wọ́n ní Instagram ń mú ìṣòro ìrísí ara le sí i fún ọmọbìnrin kan nínú mẹ́ta. Òmíràn ní nígbà tí inú àwọn ọmọbìnrin kò bá dùn sí ara wọn, 32 nínú 100 ni Instagram tún ń dá kún un fún. Ilé-iṣẹ́ náà fèsì pé àwọn oníròyìn ṣi ìwé náà kà. Wọ́n ní nínú ọ̀rọ̀ 12 tí àwọn béèrè, bí ìdánìkanwà àti ìbànújẹ́, àwọn ọmọbìnrin tó ní ìṣòro ń rí ìrànwọ́ ju ìpalára lọ nínú 11. Ẹyọ kan tó kù, ọ̀rọ̀ ara ni. Ẹni tó ń wá àwíjàre ti fẹnu ara rẹ̀ tú àṣírí.

Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti pín sí apá méjì. Àwọn kan gbà pé fóònù ló ń ba àwọn ọmọbìnrin jẹ́, pé bí a bá ti gbà á lọ́wọ́ wọn, àlàáfíà dé. Àwọn kan ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀: ó ti pẹ́ tí ọmọge ti ń wo dígí, tó ń fi ara rẹ̀ wé ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìwádìí tó wà nílẹ̀ báyìí ti pọ̀ tó láti bá apá méjèèjì wí. Bí a bá kó wọn jọ, a ó rí i pé àwòrán nìkan kọ́ ni ẹlẹ́bi, iye wákàtí nìkan kọ́ sì ni. Ìfiwéra ni olórí ọ̀ràn, pàápàá ìfiwéra pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹni. Ohun tó sì ń tẹ̀ lé ìfiwéra ni ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo ọmọ rẹ̀, nǹkan méjèèjì yìí ni kó dojú kọ.

Kí fóònù tó dé

Kí a tó dá ayélujára lẹ́bi, ó yẹ ká wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kó tó dé. Ní orílẹ̀-èdè Fiji, láàárín òkun Pàsífíìkì, ara tó kún ni wọ́n ń yìn. Ẹni tó bá fọn, ojú àánú ni wọ́n fi ń wò ó. Wọ́n á ní ara rẹ̀ kò yá, tàbí pé àwọn ará ilé rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀. Lọ́dún 1995, tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè kan tó ń jẹ́ Nadroga níbẹ̀. Anne Becker, oníṣègùn ọpọlọ àti onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ní Yunifásítì Harvard, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ibẹ̀ ní ìbéèrè kan náà nígbà méjì: lọ́dún náà gan-an, àti lọ́dún 1998. Nígbà àkọ́kọ́, nǹkan bí 13 nínú 100 ni ìdáhùn wọn fi hàn pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ara ti fẹ́ di àìsàn fún wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ti di 29. Nígbà àkọ́kọ́, kò sí ọmọ kankan tó sọ pé òun ń mọ̀ọ́mọ̀ bì kí òun má baà sanra. Nígbà kejì, nǹkan bí 11 nínú 100 ló ń ṣe é. Àwọn ọmọ tí wọ́n bi léèrè kò ju 65 lọ nígbà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà a kò lè sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ayé. Síbẹ̀, ó kọ́ wa pé ohun tí àwọn ìyá àgbà ti ń sọ fún ọmọ láti ìran dé ìran lè bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta péré.

Tiwa náà kò jìnnà sí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001, ní Sun City ní South Africa, Agbani Darego ọmọ Nàìjíríà gba adé Miss World. Òun ni ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà náà, ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbà wò ó títí, wọn kò rí ohun tí àwọn adájọ́ rí. Lọ́dọ̀ àwọn Èfìk ní Calabar, ńṣe ni wọ́n ń fi wúńdíá sínú yàrá kó tó lọ sílé ọkọ, tí wọ́n á máa bọ́ ọ kí ara rẹ̀ lè kún. Nílẹ̀ Yorùbá, onídìí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kì. Ẹni tó dúdú ní adúmáadán tirẹ̀, ẹni tó pọ́n ní apọ́nbéporẹ́ tirẹ̀. Èébú ò ṣàì sí fún ẹni tó bá gbẹ tàbí tó bá sanra jù, ṣùgbọ́n ìyìn pọ̀ lọ́nà tó fi jẹ́ pé kálukú lè rí tirẹ̀ mú níbẹ̀. Adé Agbani yí ọ̀rọ̀ padà láàárín àwọn ọmọge ìlú ńlá. Lẹ́pa di oyè, ọ̀rọ̀bọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Ìjàdù yẹn ti wà ní Èkó kí Instagram tó dáyé lọ́dún 2010. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ayélujára ló kọ́ ọmọ wa láti kórìíra ara wọn kò ka ìtàn dé ìdí.

Ẹgbẹ́ ẹni ni òṣùwọ̀n

Kí wá ni ayélujára fi kún un? Lọ́dún 1954, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Leon Festinger, kọ̀wé pé bí ènìyàn kò bá rí ohun mìíràn tí yóò fi wọn ara rẹ̀, ọmọnìkejì rẹ̀ ni yóò fi wọ̀n ọ́n, àti pé ẹni tó jọ ọ́ ni yóò kọ́kọ́ wò. Ibí yìí gan-an ni ìkànnì ayélujára ti yàtọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n. Agbani jìnnà, ọmọge mọ̀ pé inú ogunlọ́gọ̀ ni wọ́n ti ṣà á. Ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí wọ́n jọ wọ aṣọ ẹbí kan náà lọ sí òde àríyá lọ́jọ́ Sátidé, tó fi kọ́sẹ́ẹ̀tì fún ìbàdí rẹ̀ pọ, tó sì ti gbé fọ́tò rẹ̀ síta kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ńkọ́? Kò sí àwáwí fún ìyẹn. Ẹgbẹ́ ẹni ni. Ohun tó bá ṣeé ṣe fún un, ó yẹ kó ṣeé ṣe fún ẹni tó ń wò ó.

Olùwádìí Jasmine Fardouly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Wọ́n pe obìnrin 112. Àwọn kan wo Facebook tiwọn fún ìṣẹ́jú 10, àwọn kan wo ojú òpó ìwé ìròyìn oge, àwọn yòókù wo ojú òpó tí kò kan ọ̀rọ̀ ẹwà rárá. Inú àwọn tó wo Facebook bàjẹ́ ju ti àwọn tó wo èyí tí kò kan ẹwà lọ. Ní ti àwọn tó ti máa ń fi ara wọn wé ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀, ó kọjá ìbànújẹ́: wọ́n ń fẹ́ kí ojú wọn, irun wọn àti awọ ara wọn yí padà. Lọ́dún kan náà, Marika Tiggemann àti Mia Zaccardo ní Ọsirélíà mú àwòrán àwọn obìnrin tó ń ṣe eré ìdárayá, irú èyí tí àwọn òbí máa ń rò pé ó dára fún ọmọ. Wọ́n fi í han àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, wọ́n fi àwòrán ìrìn àjò han àwọn mìíràn. Àwọn tó wo ti eré ìdárayá sọ pé ó wu àwọn láti lọ ṣe eré ìdárayá, àmọ́ inú wọn kò dùn sí ara wọn mọ́ bíi ti àwọn tó wo òkè àti òkun. Ìmọ̀ràn rere lè wà nínú ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ fọ́tò, kí fọ́tò náà sì máa sọ ohun mìíràn.

Ìyàtọ̀ kejì ni pé ọmọbìnrin kì í ṣe òǹwòran nìkan lórí ayélujára. Òun náà wà lórí ìtàgé. Ní Yunifásítì York ní Toronto, Jennifer Mills àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ya ara wọn, kí wọ́n sì gbé e síta. Àwọn kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fọ́tò náà, àwọn kan láǹfààní láti tún un ṣe títí yóò fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Àbájáde rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé àyà wọn ń já, ìgboyà wọn dín kù, wọn kò sì rí ara wọn bí arẹwà bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé àtúnṣe fọ́tò kò gba àwọn tó ṣe é sílẹ̀.

Èyí gbé wa dé ọ̀rọ̀ fílítà. Lọ́dún 2013 ni áàpù Facetune jáde, tó fi jẹ́ pé ohun tí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn oge ń sanwó fún tẹ́lẹ̀, ọmọ ilé-ìwé girama lè fi ìka ṣe é. Lọ́dún 2015, Snapchat gbé àwọn fílítà tirẹ̀ dé. Lọ́dún 2017, ariwo ta lórí áàpù FaceApp: ẹni tó bá tẹ èyí tó yẹ kó sọ ọ́ di arẹwà, ńṣe ni ẹ̀rọ náà ń mú kí awọ rẹ̀ funfun sí i. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ó ní àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà ló fa ìṣìnà. Ọmọbìnrin dúdú tó wo ojú ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ yẹn ti gbọ́ ìdájọ́ kí àforíjì tó dé. Lọ́dún 2018, àwọn oníṣègùn awọ ara ní Boston kìlọ̀ nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn pé tẹ́lẹ̀, fọ́tò gbajúmọ̀ ni àwọn tó ń wá iṣẹ́ abẹ ẹwà ń mú wá. Ní báyìí, fọ́tò ara wọn tí fílítà ti tún ṣe ni wọ́n ń mú wá. Ọmọnìkejì ni a ń fi ara wé tẹ́lẹ̀. Lónìí, ọmọge ń bá ojú ara rẹ̀ tí kò sí níbì kankan láyé figagbága.

Ìyàtọ̀ kẹta ni ẹ̀rọ tó ń yan ohun tí a ó wò. Tẹlifíṣọ̀n máa ń parí ètò. TikTok kì í parí. Fídíò tí ọmọ bá dúró wò pẹ́, irú rẹ̀ mìíràn ló ń bọ̀. Ẹ̀rọ náà kò bi í bóyá ó ń dùn mọ́ ọn tàbí ó ń dùn ún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àjọ kan tó ń jẹ́ Center for Countering Digital Hate tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n ti ṣí àkáǹtì tuntun sórí TikTok ní orúkọ ọmọ ọdún 13, ní Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba, Kánádà àti Ọsirélíà. Wọ́n dúró wo fídíò ọ̀rọ̀ ara àti ti ìlera ọpọlọ, wọ́n sì fún un ní làíkì. Kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, fídíò àwọn tó ń febi pa ara wọn kí wọ́n lè fọn ti yọjú. TikTok ní kì í ṣe báyìí ni ènìyàn gidi ń wo fídíò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọ̀rọ̀ ara ti ń jẹ lọ́kàn yóò dúró níbi tí ó ti ń dùn ún, ohun tí àjọ náà sì ṣe gan-an nìyẹn.

Báwo ni ìpalára náà ṣe tóbi tó?

Àwọn tó ní ariwo ti pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Lọ́dún 2019, Alyssa Saiphoo àti Zahra Vahedi ní Kánádà kó àbájáde ìwádìí láti ọ̀dọ̀ ọ̀wọ́ ènìyàn 63 jọ, gbogbo wọn lé ní 36,000. Wọ́n rí i pé ìbáṣepọ̀ wà láàárín lílo ìkànnì ayélujára àti àìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn pẹ̀lú ara ẹni, ṣùgbọ́n ìbáṣepọ̀ náà kéré. Ó máa ń lágbára sí i níbi tí wọ́n bá ti béèrè nípa fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ìrísí, ju ibi tí wọ́n ti béèrè nípa iye àkókò lásán. Ọmọ tó ń ka ìròyìn fún wákàtí méjì àti ọmọ tó ń wo ìbàdí ẹlòmíràn fún wákàtí méjì kò ṣe ohun kan náà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwádìí yìí sì jẹ́ èyí tí wọ́n bi ènìyàn léèrè lẹ́ẹ̀kan péré. Kò rọrùn láti mọ̀ bóyá ayélujára ló ba inú ọmọ jẹ́, tàbí ọmọ tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ ló sá lọ sórí ayélujára. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìdí nìyí tí àwọn ìdánwò, irú ti Fardouly àti ti Mills, fi ṣe pàtàkì: wọ́n jẹ́ ká rí ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e. Pé àpapọ̀ rẹ̀ kéré kò sì túmọ̀ sí pé ó kéré fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wo fọ́tò, wọ́n kọjá. Àwọn díẹ̀ tí ìfiwéra ti mọ́ lára ni ẹrù náà ń wó lé.

Àbùkù kan tún wà tó kàn wá ju ẹlòmíràn lọ. Lọ́dún 2023, àwọn olùwádìí méjì, Alexandra Dane àti Komal Bhatia, ṣe àgbéyẹ̀wò ìwé ìwádìí 50 láti orílẹ̀-èdè 17 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ lórí rẹ̀, ti àwọn orílẹ̀-èdè olówó ló gba iwájú, yunifásítì ni wọ́n sì ti ń wá ẹni tí wọn yóò bi léèrè jù. Nítorí náà, ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè jù ni: ṣé o fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́? Ọmọbìnrin ní Ìbàdàn tàbí ní Agége lè dáhùn pé rárá, kí ọkàn rẹ̀ má sì balẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ni ìbàdí tó fún, ìdí tó yọ, àyà tó dúró, awọ tó mọ́, gbogbo rẹ̀ lára ẹyọ ènìyàn kan. Àwọn ìyá wa ní ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbàdí tó bá a mu. Èyí tí wọ́n ń polówó lónìí, ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbà á.

Lẹ́yìn ìfiwéra, ọjà

Àwọn ìwé ìwádìí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ọ̀rọ̀ dé ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ibí ni ewu ti pọ̀ jù fún wa. Ní Fiji, ọmọ tó rí obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ nínú tẹlifíṣọ̀n kò rí ẹni tí yóò ta ara náà fún un lójú ẹsẹ̀. Lórí Instagram, ìkànnì kan náà tó fi ìdí han ọmọge ni yóò fi ẹni tó ń ta oògùn ìdí hàn án, pẹ̀lú nọ́ńbà WhatsApp rẹ̀ àti owó tí wọn yóò fi gbé e délé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí awọ. Bíbó ara ti wà kí ayélujára tó tàn kálẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2002 láàárín àwọn oníṣòwò 450 ní Èkó rí i pé nǹkan bí 77 nínú 100 ń lo ohun tó ń bóra. Iye kan náà, 77, ni wọ́n ń pè ní ti gbogbo obìnrin Nàìjíríà lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn títí di òní. Oníṣòwò Èkó kì í ṣe gbogbo obìnrin Nàìjíríà, ó sì yẹ kí ẹni tó ń pe iye náà ṣọ́ra. Ohun tí ayélujára yí padà ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń po ìpara nínú ilé rẹ̀ ti ní oníbàárà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó pò mọ́ ọn. Mẹ́kúrì tó wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀ kan ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìpara tó ní sitẹ́rọ́ọ̀dù tó lágbára ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé egbò àti ojú iṣẹ́ abẹ kì í tètè jinná. Àjọ NAFDAC, tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, kò fàyè gba haidirokuínóònù, èròjà tó ń bóra, tó bá ju ìdá 2 nínú 100 lọ, ọ̀gá àgbà àjọ náà, Mojisola Adeyeye, sì ti ń pariwo ewu rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n àjọ náà mọ ọ̀nà ọjà ju bí ó ṣe mọ ọ̀nà inú fóònù lọ.

Lẹ́yìn awọ ni ara kíkún. Apetamin jẹ́ oògùn olómi tí wọ́n ń ṣe ní Íńdíà. Ohun tó wà nínú rẹ̀, cyproheptadine, oògùn ara yíyún àti ti imú tó ń ṣomi ni, tó máa ń mú kí ebi pa ènìyàn, kó sì máa sùn. Kò ní àṣẹ ní Amẹ́ríkà, kò ní ní Ìlú Ọba, síbẹ̀ lórí Instagram àti YouTube ni àwọn ọmọbìnrin dúdú ti ń júwe rẹ̀ fún ara wọn pé òun ló ń fúnni ní ìdí. Lọ́dún 2021, BBC gbé fíìmù jáde lórí rẹ̀, àwọn olórí ètò ìlera Ìlú Ọba sì kọ̀wé sí Instagram pé kí wọ́n pa àwọn àkáǹtì tó ń tà á rẹ́. Àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà náà kìlọ̀ pé ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Oògùn kì í mọ ibi tí a fẹ́ kó gbé ẹran sí. Ikùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gba tiwọn pẹ̀lú.

Èyí tó kẹ́yìn ni iṣẹ́ abẹ ìdí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí BBL. Wọ́n á fa ọ̀rá láti ikùn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fín in sínú ìdí. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ inú iṣan, ọ̀rá lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó gba ibẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹni náà sì lè kú lórí tábìlì. Lọ́dún 2017, àwọn oníṣẹ́ abẹ fúnra wọn ṣírò rẹ̀ pé ó ń pa nǹkan bí ẹnì kan nínú 3,000. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹwà ní Ìlú Ọba, BAAPS, ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn dá a dúró. Lẹ́yìn tí wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é padà, ikú náà dín kù, ẹgbẹ́ náà sì rọ òfin wọn lọ́dún 2022. Nílẹ̀ wa, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti ilé ìwòsàn ẹwà kan pa ní Èkó lọ́dún 2020 lẹ́yìn tí obìnrin kan kú. Ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ kì í wá oníbàárà nínú ìwé ìròyìn. Fídíò ṣáájú-àti-lẹ́yìn lórí Instagram ni ìpolówó wọn.

Ohun tó dára níbẹ̀

Àgbéyẹ̀wò tí kò bá sọ oore kò pé. Lórí ìkànnì kan náà ni àwọn obìnrin tó sanra, àwọn tó ní àpá, àwọn tó ní vitiligo àti àwọn tó ń fi irun dúdú wọn gidi yangàn ti rí ara wọn. Rachel Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà fi irú fọ́tò wọ̀nyí han ọ̀dọ́bìnrin, nínú ìwádìí obìnrin 195 tó jáde lọ́dún 2019. Inú àwọn tó wò wọ́n dùn sí i, ara wọn sì tẹ́ wọn lọ́rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí náà rí ohun kejì: ọ̀rọ̀ ìrísí ni wọ́n ṣì fi ń júwe ara wọn lẹ́yìn náà, bíi ti àwọn tó wo obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ pé ara rẹ̀ dára ní gbogbo ìgbà, ara ṣì ni wọ́n ń bá a sọ. Ó sàn ju èébú lọ, kò sì tíì dé ibi òmìnira.

Oògùn tí wọ́n ti gbìyànjú

Ọ̀pọ̀ ìjọba gbà pé bí ọmọ bá mọ̀ pé irọ́ ni fọ́tò, kò ní dùn ún mọ́. Ísírẹ́lì ṣòfin lọ́dún 2012 pé kí wọ́n kọ ọ́ sára ìpolówó tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ sọ ẹni inú rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́. Faransé tẹ̀ lé e lọ́dún 2017. Ti Nọ́wè tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2022 kan àwọn gbajúmọ̀ orí ayélujára tó ń gbowó ìpolówó pẹ̀lú. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n ìdánwò kò fi bẹ́ẹ̀ gbè é lẹ́yìn. Ìwádìí lẹ́yìn ìwádìí ló rí i pé àmì bẹ́ẹ̀ kì í mú kí ara obìnrin tó ń wò ó tẹ́ ẹ lọ́rùn sí i. Ọgbọ́n orí kì í fìgbà gbogbo dá ojú dúró. Ọmọge mọ̀ pé fílítà ni, ó sì ń wù ú síbẹ̀.

Àwọn mìíràn yan ìfòfindè. Láti ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún 2025, Ọsirélíà ti kà á léèwọ̀ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 ní àkáǹtì lórí àwọn ìkànnì ńlá. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe díẹ̀díẹ̀: ní ìparí ọdún 2024, TikTok ní àwọn yóò dín fílítà ẹwà kù fún àwọn tí kò tíì pé 18, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n dí ọ̀nà wíwá SkinnyTok, orúkọ tí àwọn ọmọ fi ń kó fídíò àwẹ̀ àti ebi jọ. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n bá dí, òmíràn máa ń rọ́pò rẹ̀.

Oògùn tó fi àmì ìwòsàn hàn jù ló rọrùn jù. Ní Ottawa ní Kánádà, wọ́n mú ọ̀dọ́ 220 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 17 sí 25, tí àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá jà, tí obìnrin sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ní kí apá kan má lo ìkànnì ayélujára ju wákàtí kan lọ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àbájáde rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2023 ni pé ojú tí àwọn yẹn fi ń wo ìrísí àti ìwọ̀n ara wọn sàn ju ti àwọn tí wọn kò dá dúró lọ. Wọn kò gba fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dídín ni wọ́n dín lílò rẹ̀ kù, fún àwọn tó ti ń jìyà tẹ́lẹ̀.

Ìdájọ́

Ayélujára kọ́ ló dá òṣùwọ̀n ẹwà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ di ti ojoojúmọ́, ó gbé e lé ẹgbẹ́ ẹni lọ́wọ́, ó sì gbé òǹtajà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìpalára rẹ̀ kò kan gbogbo ọmọ bákan náà, nítorí náà òfin kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ kò lè tó. Nílẹ̀ wa, ọjà ni kí ìjọba kọ́kọ́ dojú kọ. Nàìjíríà kò ṣaláìní eyín: ní oṣù Keje ọdún 2024, FCCPC bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, lórí ọ̀rọ̀ ìsọfúnni àwọn oníbàárà. Ẹni tó lè ṣe ìyẹn lè béèrè ìdí tí ìpara mẹ́kúrì àti oògùn ìdí fi ń rí ibi jókòó lórí ìkànnì kan náà. ARCON, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó, ní òfin ọdún 2022 lọ́wọ́. NAFDAC ní tirẹ̀. Kí wọ́n gbé e wọ inú fóònù.

Èyí tó kù, tiwa ni. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pè ní ọ̀rọ̀bọ̀ níwájú àlejò, tí àǹtí rẹ̀ ń bi léèrè ìdí tó fi dúdú ju àbúrò rẹ̀ lọ, ti gba ẹ̀kọ́ ìfiwéra kó tó ní fóònù. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àǹtí, ẹ dá a dúró. Ẹ bi ọmọ yín léèrè irú ẹni tó ń tẹ̀ lé àti ohun tó ń rà. Ìbéèrè yẹn wúlò ju iye wákàtí lọ. Ẹ̀yin ọmọge pẹ̀lú, ẹni tí fọ́tò rẹ̀ bá ń mú kí ẹ kórìíra ara yín lójoojúmọ́, ẹ má tẹ̀ lé e mọ́, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́. Ohun tí ẹ kò bá sì lè rà lọ́wọ́ apòògùn tó ní ìwé àṣẹ, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó fi nọ́ńbà sábẹ́ fọ́tò.